Ọkàn Ló Ń Ṣàìsàn, Ẹsẹ̀ Ló Ń Kú: Ohun Tí Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Kọ́ Mi ní Agbègbè Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé ń bi ara yín léèrè pé iṣẹ́ wo ló yẹ ní ṣíṣe. Mo sì gbọ́ pé ẹnì kan nínú yín sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ju kí èèyàn máa da ìgbẹ́ aláìsàn nù lọ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Mo da ìgbẹ́ nù títí mo fi lè wo póò kí n sì mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí n sọ ìyókù rẹ̀ fún yín, nítorí bí mo ti dàgbà tó yìí, orí mi ṣì ń wú tí mo bá rántí iṣẹ́ náà!

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn ní ìtàn. Ará Ògìdì ni mí, bàbá mi ń gbin iṣu, èmi sì ka ìwé mẹ́fà. Pásítọ̀ wa kọ lẹ́tà kan, mo mú un lọ sí ilé-ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ dá sílẹ̀, tí kò jìnnà sí Kàbà. Wọ́n wo eékánná mi, wọ́n wo eyín mi, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni, n kò sì tíì pé ogún ọdún. Owó oṣù mi ńkọ́? Ó tó ra ọṣẹ. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọ̀gá Jékọ́bù ni à ń pè é, òun ni nọ́ọ̀sì àgbà. Ó ti bá àwọn sójà lọ sógun Bọ́mà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń di egbò. Ọkùnrin náà kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù. Bí o bá ká báńdéèjì tí kò le, á di etí kan rẹ̀ mú, á ju ìyókù sílẹ̀, á máa yí lọ gbirigbiri títí dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á wá fi etí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, á kí ọ pé, "Okun iṣẹ́ o, Rúùtù." O máa kó o nílẹ̀, o máa fọ̀ ọ́, o máa sá a, o máa tún un ká. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ká báńdéèjì kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan egbò èèyàn. Mo sunkún, mo bínú, mo kọ̀wé sílé pé kí wọ́n wá mú mi. Bàbá mi fèsì pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé tí mo bá sì fẹ́ padà wá, ọkọ́ tuntun wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí. Kíá ni mo gbàgbé ilé.

Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù ni ti iṣan ẹsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá fi aṣọ di àwa mẹ́rin tí à ń kọ́ṣẹ́ lójú, ó ní kí àwọn tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ na ẹsẹ̀ wọn síta, kí a wá iṣan tó ń sọ lórí ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òkè ẹsẹ̀ ló wà, ní àlàfo egungun àtàǹpàkò àti ti ìka tó tẹ̀ lé e. Ẹ fọwọ́ kan tiyín nísinsìnyí, ẹ rọra o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Ṣé ẹ rí i? Káì! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo kígbe, mo ní, "Ó ń sọ! Ọ̀gá, ó ń sọ!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ẹsẹ̀ Ọ̀gá Jékọ́bù fúnra rẹ̀ ni mo gbá mú.

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tó ń sọ lẹ́sẹ̀ yẹn, ọkàn ló rán an wá. Tí ẹsẹ̀ bá tutù, tí iṣan rẹ̀ dákẹ́, tí orí ìka wá ń dúdú, má tètè pariwo egbò. Omi tí kò bá dé ìpẹ̀kun oko, orísun ni kí o lọ wò. Fọwọ́ lé àyà rẹ̀."

Ọwọ́ àti ojú ni olórí irinṣẹ́ wa nígbà náà. Síríńjì dígí la ní, à ń sè é lórí sítóòfù bí ẹni ń se ẹyin, tí abẹ́rẹ́ bá sì kújú, à ń pọ́n ọn lórí òkúta. Báńdéèjì kan lè di egbò èèyàn mẹ́wàá kí ó tó gbó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni síríńjì oníke dé, tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń sọ nù. Ó dùn mí láti máa sọ ọ́ nù! Nígbà tí mo sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan hàn mí tí wọ́n ń gbé lé ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á sì máa dún nínú rẹ̀ fùú, fùú, tí gbogbo wọ́ọ̀dù á gbọ́. Mo fò sókè bí ọmọdé. Mo ní kí wọ́n gbé e lé tèmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ìyé Dúpẹ́ fún yín. Ìyé ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ọyẹ́ ń jà, ètè gbogbo wa ti bẹ́, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé e wá láti Odò-Apẹ́. Opó ni, ó ti lé lógójì ọdún, ọ̀kan sì ni nínú àwọn obìnrin agbègbè Bùnú tí ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ẹni ńlá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti kú, Bàbá Olú, ló ṣáájú wọn. Orogún rẹ̀, Ìyé Bọ́sẹ̀, wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Bàbá Olú kò jẹ́ kí ó wọlé. Ó na ìka sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà níta, ó ní kí ó jókòó síbẹ̀.

Ìka ẹsẹ̀ òsì Ìyé Dúpẹ́ méjì ti dúdú bí èédú. Ẹsẹ̀ náà tutù, òwú pupa tí wọ́n fi ń hunṣọ ni wọ́n sì fi so ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin, ó ti wọnú ẹran.

Ọ̀gá béèrè pé, "Ta ló so èyí?"

"Èmi ni," Bàbá Olú dáhùn. "Ó tẹ nǹkan ni, a sì mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ó wà lábẹ́ igi níta. Mo so ó kí nǹkan náà má bàa gun òkè, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ejò bù jẹ."

Ọ̀gá mú síṣọ́ọ̀sì, ó gé òwú náà. Ó ní, "Okun o, bàbá. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ náà lẹ tilẹ̀kùn mọ́." Ó yíjú sí mi. "Rúùtù, fọwọ́ lé àyà rẹ̀."

Mo fọwọ́ lé e. Ẹ̀yin ọmọ, ọkàn yẹn kò lù bí ọkàn rárá! Ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, á dúró, á tún ki eré mọ́lẹ̀. Mo wo ojú Ọ̀gá, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tí mo lè fi wé ayọ̀ tó sọ sí mi nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn èèyàn ni mo rí, nítorí ọwọ́ tèmi ló rí i.

Dókítà wa, òyìnbó tí àwọn aláìsàn ń pè ní Líkítà, kọ́ rọ́bà rẹ̀ sí etí, ó gbọ́ àyà náà pẹ́. Ó bi í bóyá ibà kan mú un nígbà èwe tó mú oríkèé ara rẹ̀ wú. Ìyé Dúpẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní òun kò rìn fún oṣù kan, àti pé láti bí ọdún mélòó kan, tí òun bá gun òkè wọn, èémí òun kì í tó mọ́. Líkítà wá ṣàlàyé fún wa pé ibà yẹn ló ba ilẹ̀kùn kan jẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ríbi kọjá dáadáa, ó ń dúró síbẹ̀, ó ń dì. Bíńtín lára ẹ̀jẹ̀ dídì náà ló já, tó bá iṣan sọ̀kalẹ̀, tó lọ dí ọ̀nà lẹ́sẹ̀. Ohun tó bá wà níwájú ibi tó dí ni ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa, ibẹ̀ ló sì ń kú.

Ó kọ oògùn ọkàn fún un. Ní ti ẹsẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí ìka méjèèjì gbẹ, kí a má fi ohunkóhun kàn án. Ọ̀gá fi oògùn aláwọ̀ àlùkò fa ìlà sí ibi tí dúdú náà dé, ó ní, "Rúùtù, ìwọ lo ni ìlà yìí. Tí dúdú kò bá kọjá rẹ̀, ìka méjì péré ló máa fi lọ sílé."

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣọ́ ìlà yẹn bí ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń rá lẹ́bàá ààrò. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, n ó bẹ̀ ẹ́ wò. Kò kúrò níbi tó wà! Ìyé Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kúbùsù pupa ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa, irú rẹ̀ ni àwọn ìyá rẹ̀ láyé àtijọ́ ń tú láti rí òwú pupa fi hun aṣọ ìpò. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ti tú etí kúbùsù ìjọ yìí tó ìbú ọwọ́ kan, ó sì ti ká òwú rẹ̀ mọ́ ìka.

Mo ní, "Ìyé! Ti asíbítì ni o!"

Ó ní, "Tóò, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ní. Ẹ fi aṣọ ọba bo onígbẹ̀ẹ́ gbuuru." A rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi yọjú.

Ọjọ́ kẹfà ni mo ba nǹkan jẹ́. Ọyẹ́ àárọ̀ náà mú ju ti ìyókù lọ. Ìyé Dúpẹ́ ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ yìí tutù. Tó bá jẹ́ ilé ni, ẹ̀bá ààrò ni ǹ bá nà án sí." Ta ni nínú wa, ní àwọn òkè wa yìí, tí kì í na ẹsẹ̀ sí ẹ̀bá ààrò nígbà ọyẹ́? Ní wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ọlọ́mọ, èmi fúnra mi ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo ń fi aṣọ wé e, mo ń tẹ́ ẹ ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí ara wọn lè móoru. Líkítà ní kí a má fi ohunkóhun kàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi rò pé oògùn ló ń wí. Mo rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo wé e, mo tẹ́ ẹ ti ẹsẹ̀ náà, mo fi kúbùsù bò ó. Mo tilẹ̀ béèrè bóyá kò gbóná jù.

Ó ní, "Kò gbóná rárá. Sún un mọ́ mi dáadáa."

Mo sún un mọ́ ọn! Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kò mọ iná, kò mọ òtútù. Mo gbàgbé ìyẹn, mo lọ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ sì pọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó ṣí kúbùsù. Ẹsẹ̀ náà ti lé ròrò, awọ rẹ̀ ti ń bó, ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ ti dúdú kọjá ìlà. Kí n sọ òtítọ́ fún yín, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé ìgò náà pamọ́. Kò sí ẹni tó rí mi.

Ọ̀gá dé, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ìlà. Ó ní, "Láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́?" Mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà sì ni ẹsẹ̀ náà ń rà, tó ń rùn, tí ibà ń gùn ún. Líkítà ní kí wọ́n gé ìdajì ẹsẹ̀ náà kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, májèlé rẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yẹn kò sì lágbára tí á fi bá a jà.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Olú. Ọkọ̀ ló háyà wá, ó sì ní kí awakọ̀ má pa ẹ́ńjìnì. Ó fi orogún náà sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó wọlé, ó wo ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kò rí i? Ẹ fa ìlà, nǹkan náà fo ìlà yín. Èyí kì í ṣe ti asíbítì. À ń gbé e lọ sílé báyìí. Ẹni tó ṣe é á sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo ìlú, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé wa."

Líkítà sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó sú u. Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀. Bàbá Olú kàn ń na ìka sí ìlà náà ni, kí sì ni èèyàn fẹ́ wí? Ìlà náà wà níbẹ̀, dúdú ti fò ó. Mo wo Ìyé Dúpẹ́, ó ti di aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń múra àtilọ. Tó bá lọ, ikú ló ń lọ kú. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ.

Ariwo ni mo fi sọ ọ́, n kò mọ̀ pé ẹnu mi ti là. "Èmi ni! Kò sí nǹkan tó fo ìlà! Èmi ni mo gbé ìgò omi gbígbóná tì í, mo sì gbé e pamọ́!"

Bàbá Olú fò sókè, ó ní kí wọ́n lé mi, kí wọ́n tì mí mọ́lé. Ọ̀gá Jékọ́bù kò pariwo. Ó ní, "Rúùtù, bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀."

Ìyé Dúpẹ́ gbé ọwọ́ sókè. Ó wò mí tààrà. "Omi gbígbóná ni?"

"Omi gbígbóná ni, Ìyé."

"Kì í ṣe nǹkan tó ń gun òkè?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn yín ló ń ṣàìsàn, èmi ni mo sì jó ẹsẹ̀."

Ó pa ojú dé. Omi jáde níbẹ̀. Nígbà tó là á, ó ní, "Ẹ pe orogún mi wọlé." Kí wọ́n tó pè é dé, ó ti yíjú sí Líkítà. "Gé e. Ọkùnrin ló ń fi ẹsẹ̀ hunṣọ, ọwọ́ ni àwa fi ń hun tiwa." Ó wá na ìka sí mi. "Èyí kò sì níí bọ́ aṣọ kankan. Òun ló máa di ẹsẹ̀ mi títí á fi jinná. Ẹni tó ti jó èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kò níí fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un lẹ́ẹ̀kejì."

Wọ́n gé e. Èmi ni mo dì í, lójoojúmọ́, títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹran tuntun kọ́kọ́ yọ nínú egbò náà, pupa, tó mọ́, mo sáré yí wọ́ọ̀dù ká! Ọ̀gá kò lé mi, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣì wà nínú mi: "Ìgò náà burú. Ọjọ́ mẹ́ta tí o fi dákẹ́ ló burú jù."

Mo ṣiṣẹ́ náà fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí, ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní ibi tí ìjọba bá rán mi lọ. Mo gbẹ̀bí, mo gúnni lábẹ́rẹ́, mo kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, wọ́n sì ń pè mí ní abìjà. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe lọ́dọ̀ mi tó sọ ọ́ kíá, n kì í fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá gbé e pamọ́, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, tí ẹ kò bá lè la ẹnu sọ pé "èmi ni," ẹ má wá sídìí iṣẹ́ yìí, ẹ lọ gbin iṣu. Iṣu tí ẹ bá jó, ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá sì bi mí pé ọjọ́ wo ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tí Ìyé Dúpẹ́ lọ sílé ni. Ó fi ọ̀pá rìn jáde fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di èjìká Ìyé Bọ́sẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nígbà tí wọ́n ti gbé e gòkè tán, Ìyé Bọ́sẹ̀ padà wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ ni, ó sì kúnlẹ̀ síwájú mi.

Mo ní, "Ìyé, ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́! Mo ba ẹsẹ̀ èèyàn jẹ́ ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí òótọ́ tí o sọ tó tàn dé etí gbogbo ìlú, oṣù méjì ni àwọn ọmọ mi fi ń gbọ́ ọ pé apànìyàn ni ìyá wọn. Àná ni wọ́n tún bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣeré."